Ìwé Tí Mo Kọ Nípa Wáyà Rélùwéè

Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà pósófíìsì Ọ̀fà nígbà tí mò ń wí yìí, òórùn méjì ni yóò pàdé rẹ. Àkọ́kọ́ ni ti gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ ìwé, pọ̀ mọ́ ti ìda pupa tí à ń yọ́ sórí okùn àpò lẹ́tà. Èkejì kì í ṣe tiwa. Atẹ́gùn ló ń gbé e wá láti sítéṣọ̀n rélùwéè tí kò jìnnà sí wa: èéfín èédú, òróró dúdú tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀ ọkọ̀, àti òórùn ànàmọ́ tó ti wà nínú àpò láti ọjọ́ mẹ́ta, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo máa ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun tí ìyá mi ti fi sítáàṣì sí títí tó fi le bíi páálí, mà á sì jókòó nídìí ẹ̀rọ wáyà bí ẹni pé bàbá mi ló rà á.

Ìwọ tí a jọ gbé ayé ìgbà yẹn, o ò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ò mọ wáyà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ránṣẹ́ kíákíá sí Èkó á wá sójú fèrèsé mi, á sọ ohun tó fẹ́ wí, èmi á kọ ọ́ sórí ìwé, mà á sì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, torí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló lówó tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mà á fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ, okùn irin á gbé e lọ, ẹlòmíì á gbà á lọ́hùn-ún, á kọ ọ́ sílẹ̀. Okùn méjì ló gba Ọ̀fà kọjá. Ọ̀kan jẹ́ tiwa, ọ̀kan jẹ́ ti rélùwéè. Òfin sọ pé àwa nìkan ló lè bá ará ìlú ránṣẹ́ kí a sì gbowó rẹ̀. Ti rélùwéè wà fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin nìkan, pé ọkọ̀ ti kúrò ní ibí, pé ọkọ̀ pẹ́ ní ọ̀hún. Ọ̀gá mi, ìyẹn ọ̀gá pósófíìsì, lẹ ìwé òfin náà mọ́ ara ògiri lẹ́yìn àga mi. Mi ò kà á tán rí. Èèyàn kì í ka ohun tó bá ń gbára lé.

Ẹni tó ń tẹ wáyà ní sítéṣọ̀n ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ará Ìlemọnà ni, ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo, tó máa ń tẹ orí ba bí ó bá fẹ́ wọlé tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà wa ga tó o. Òun gan-an ló kọ́ mi níṣẹ́. Ní odindi ọdún kan, nínú ilé tí rélùwéè fún wọn, ó máa ń fi ṣíbí lu etí tábìlì, èmi á sì sọ lẹ́tà tó lù fún un. Bí mo bá ṣì í, ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín láti ibi tó ti ń fún ọmọ lọ́mú, á ní, "Ẹ tún un lù fún un, etí ẹ̀ wúwo." Nígbà tí pósófíìsì ń wá akọ̀wé wáyà, ìdánwò tí wọ́n ṣe fún wa kò gbà mí ní ìdá mẹ́rin wákàtí. Tó o bá ní kí n sọ òótọ́, ọkùnrin yẹn ló gbé oúnjẹ sí mi lẹ́nu.

Ànàmọ́ ni ìyá mi ń tà. Ó máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìjàgbò, á dì í sápò, á kó o sínú ọkọ̀ ẹrù lọ sí Èkó, àbúrò rẹ̀ obìnrin á gbà á níbẹ̀, á sì tà á. Ọjà ànàmọ́ ò dà bí ọjà aṣọ. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lÉkòó lọ́jọ́ tí tìẹ dé, o di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, bí o bá sì kó o padà, á ti máa sun omi. Lọ́jọ́ kan, ẹrù ìyá mi pẹ́ lọ́nà, ó wá bẹ àna rẹ̀ pé kó bá òun bi wọ́n bóyá ọkọ̀ náà ti dé. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lÉkòó dáhùn pé ẹrù ti dé, àbúrò ìyá mi wà níwájú òun, ó kí wọn púpọ̀, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun má tíì kó òmíì wá o, ànàmọ́ kún ọjà bí erùpẹ̀. Ìyá mi dá èyí tó wà nílẹ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó kó o lọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà.

Àwọn obìnrin ò lè mọ irú ìyẹn kí wọ́n má sọ. Kí ọdún ànàmọ́ kan tó yí po, ìdajì àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí Èkó ti ń kọ́kọ́ gba sítéṣọ̀n láàárọ̀. Ọkùnrin náà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun mọ bí ẹrù ṣe ń lọ, ẹrù náà sì ní ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ náà mọ bí tiwa ti rí. Èèyàn ò lè ṣe ọ́ lóore kí o kàn dúpẹ́ kí o sì yí ẹ̀yìn padà. Bí o bá dé ilé ẹ̀gbọ́n mi lásìkò ìkórè, wàá bá ànàmọ́ nínú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí ẹnì kan gbé sílẹ̀ tí kò dúró kí wọ́n rí òun. Ẹ̀gbọ́n mi á sè é, á din ín, á ránṣẹ́ pè mí. Mo jẹ nínú rẹ̀ débi pé mi ò lè kà á.

Ohun tó tún lé àwọn obìnrin kúrò lójú fèrèsé mi kì í ṣe owó nìkan. Ìkíni ni. Ìyá àgbà kan wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pé, "Sọ fún wọn pé mo kí wọn, ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ara ọmọ ńkọ́." Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká yọ ìkíni kúrò, owó ni gbogbo ẹ̀." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé n ó kàn la ẹnu gbàà bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkí i? Ṣé ẹnì kan kú ni?" Kò parọ́ o. Ní gbogbo ìlú wa, wáyà tí kò bá ní ìkíni, wáyà òkú ni, torí ẹni tó ń túfọ̀ nìkan ni kì í ráyè kí èèyàn. Màmá náà kó owó rẹ̀ sí etí aṣọ, ó gba sítéṣọ̀n lọ. Níbẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá a tẹ ìkíni náà láìyọ ọ̀kan, ó tilẹ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ṣe fún ìlú. Tẹ́lẹ̀, bàbá olówó kan ṣoṣo ló ń rówó tẹ wáyà sí Èkó lọ́sẹ̀ méjì méjì láti mọ iye tí ànàmọ́ ń lọ. Òun ló máa ń dá iye lé ọjà. Bí ó bá ní ọjà ti kú lÉkòó, àgbẹ̀ Ìjàgbò á gbà bẹ́ẹ̀, á ta tirẹ̀ ní ẹ̀dínwó, bàbá á kó o lọ síbi tí ọjà ò ti kú rárá. Nígbà tí wáyà rélùwéè di ti gbogbo èèyàn, àgbẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́ mọ́. Á ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ti sítéṣọ̀n ná." Àwa náà nílé pósófíìsì, a jí. Ọ̀gá mi tó jẹ́ pé agogo mẹ́sàn-án ló ń ṣí fèrèsé, agogo méje ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ó ra bẹ́ǹṣì síta fún àwọn tó ń dúró. Wáyà tí a máa ń fi sílẹ̀ di ọ̀la tẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n máa fi kẹ̀kẹ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà oní-nǹkan. Ó wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Máa rẹ́rìn-ín sí wọn, jọ̀ọ́." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. A ò dára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ayé wa, a ò sì mọ̀ pé ẹ̀rù ló sọ wá dà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà wa. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí wáyà tó ń jáde ní Ọ̀fà fi dín kù tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ìwọ lò ń jókòó síbẹ̀. Kọ ohun tó o mọ̀." Mi ò tíì di òṣìṣẹ́ pátápátá nígbà yẹn, ìwé tí wọ́n máa fi kọnfáàmù mi ṣì wà lọ́nà. Mo lè kọ ọ́ pé òjò ò rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn, pé ẹrù ò pọ̀. Wọn ò ní í rin ìrìn àjò wá wo òjò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ mi nílé ìwé pé kí n máa kọ òótọ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ̀wé kọ. Mo kọ ọ́ ní ojú ewé kan àti ààbọ̀. Mo sọ pé akọ̀wé wáyà rélùwéè ń bá àwọn oníṣòwò ránṣẹ́. Nígbà tí mo kà á, ó dà bíi pé ó pin lójijì, mo wá fi gbólóhùn kan sí i kó lè dùn-ún kà: ó sì ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀gá mi fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn náà. "Ṣé òótọ́ lèyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó fọwọ́ sí i. Èmi náà ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ́, mo jù ú sínú àpò, mo yọ́ ìda sí i. Mo rántí pé mò ń retí kí ara mi sọ nǹkan kan fún mi, kí àyà mi já, tàbí kí ọwọ́ mi gbọ̀n. Kò sí nǹkan kan. Mo lọ sílé, mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo sùn dáadáa. Bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé títí tó fi kú ni ọkàn mi rí: o mọ̀ pé ó wà lára rẹ, o ò kàn mọ̀ ọ́n lára ni. Mo ti rò ó títí pé bóyá ìbínú ló mú mi kọ gbólóhùn yẹn, tàbí ìlara. Ì bá sàn díẹ̀ ká ní ọ̀kan nínú wọn ni.

Àwọn ọ̀gá àgbà wa fi ìwé mi ránṣẹ́ sí rélùwéè. Ọ̀gá wọn tó wá ṣèwádìí bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òwúrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó gbé àpò awọ lọ́wọ́. Kò dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Sítéṣọ̀n ló lọ tààrà, ó ti ilẹ̀kùn, nígbà tó máa fi ṣí i, ó ti ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ jókòó sílé títí ìwé yóò fi dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi wá sílé ìyá wa, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́. Ó ní aṣèwádìí náà ti ṣàlàyé fún ọkọ òun. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń bá wọn ránṣẹ́ nìkan ni, ìbáwí ni, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ fún wọn pé ó ń gba nǹkan. Rìbá nìyẹn. Iṣẹ́ á lọ, owó ìfẹ̀yìntì á lọ, ilé náà á lọ.

Ìyá mi ń ṣa ànàmọ́ lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀kan sókè. "Èyí ni rìbá?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n ní ẹnì kan ló kọ ọ́."

Mo jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń wo ọwọ́ ìyá mi. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ìyẹn ló burú jù. Ìwé kejì ni. Kí n kọ ọ́ pé èmi akọ̀wé wáyà pósófíìsì mọ ọkùnrin náà, pé kò sẹ́ni tó ń san owó fún un, pé ọpẹ́ ni wọ́n ń fi ànàmọ́ dá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dá a fún tíṣà àti fún olóyè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mú ìwé jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ déètì sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìwé ìkọnfáàmù mi dé, ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "O ti di tiwa." Mo ká ìwé tí mo kọ déètì sí, mo fi sábẹ́ mátíráàsì. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á tún ọ̀rọ̀ náà wò fúnra wọn, pé àwọn àgbà ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ti inú ìwé tún le ju ti ẹnu lọ, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e kiri.

Kí oṣù yẹn tó parí, ọ̀gá mi ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọlé, ó ní òjò ń bà á jẹ́. Agogo méje di mẹ́jọ, ó di mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀, ó kàn rí bẹ́ẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ jò, a ò tún un ṣe. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n ò kúkú ní ibòmíì tí wọ́n lè lọ. Bàbá olówó ọjọ́sí padà sí wáyà rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì, àgbẹ̀ Ìjàgbò sì padà sí bó ṣe wà, ó ń gba iye tí wọ́n bá dá fún un.

Ìyá mi pàápàá wá sójú fèrèsé mi. Ó to lẹ́yìn àwọn ẹlòmíì, kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ẹrù ńlá kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kó má lọ síbì kankan, kó dúró gbà á. Ìkíni tó fi ṣáájú gùn ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo mọ ohun tó wà lápò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé kò lè san án. Mo ní, "Ìyá, n ó gé e kúrú." Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Mo gé e títí tó fi ku gbólóhùn kan péré: ẹrù ń bọ̀ ní Ẹtì, dúró gbà á. Mo tẹ̀ ẹ́, mo pe ẹni tó tẹ̀ lé e.

Àbúrò ìyá mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ gígùn ìwé. Nígbà tí wọ́n mú wáyà náà dé, ó rí i pé ìlà kan ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì ti fi ọwọ́ lérí kí wọ́n tó kà á. Aládùúgbò tó bá a kà á ní ọ̀rọ̀ ẹrù ni. Ó ní irọ́ ni, wọ́n ń fi pa mọ́ fún òun ni, ẹ̀gbọ́n òun ò ránṣẹ́ sí òun rí láìkí òun. Kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Àwa kọ́ la kúkú ń sojú abẹ níkòó fún ọlọ́fọ̀, a máa ń ní kó máa bọ̀, pé ara ẹnì kan ò yá díẹ̀. Bí aládùúgbò náà ṣe ń búra tó ni ó ń dá a lójú tó pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Ó wọ ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀, òun àti ìbátan wa méjì. Níbì kan lójú irin yẹn, ọkọ̀ wọn àti ọkọ̀ tó gbé ẹrù ìyá mi kọjá lára ara wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wọ agbo ilé wa. Mo wà nílé, torí mo ti wá jẹun. Àbúrò ìyá mi ti tú irun rẹ̀, ó ń pe oríkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ti há. Ìyá mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ láti wá wo ẹni tó kú. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n wo ara wọn. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó fọwọ́ kan ojú ìyá mi, ó tún rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì bá a rẹ́rìn-ín, títí ìyá mi fi bi í, ohùn rẹ̀ ò ga rárá, pé, "Ta ló wà lÉkòó tó máa gba ẹrù?" Kò sẹ́nì kankan. Ibẹ̀ ni ẹrù náà wà nínú ooru títí ó fi bàjẹ́. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀ sí mi nípa ẹ̀, kò tilẹ̀ bá mi wí. Láti ọjọ́ náà, kò kó ànàmọ́ lọ sí Èkó mọ́, bàbá olówó ló ń tà á fún bí gbogbo èèyàn yòókù.

Ìwé ìlé-kúrò dé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi títí di ìparí oṣù láti jáde nínú ilé rélùwéè. Mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ bá wọn kó ẹrù sórí ọmọlańkẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ọmọ ṣíwájú lọ síbi tí lọ́rì Ìlemọnà ń dúró sí, ó wá ku àwa ọkùnrin méjì àti bẹ́ẹ̀dì kan. A gbé e, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Nígbà tí a gbé e sílẹ̀, kò nàró. Ó fi ọwọ́ kan di igi bẹ́ẹ̀dì náà mú.

Ó ní, "Wọ́n fi ìwé náà hàn mí. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, Àbúrò."

Mo fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò lára igi bẹ́ẹ̀dì níhà ọ̀dọ̀ mi.

"Kò sí irọ́ nínú ẹ̀," ó ní. "Mo wá irọ́ nínú ẹ̀ títí, mi ò rí."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ nìkan ni àbúrò tó ní." Ó nàró, ó wò yíká bóyá a ti gbàgbé nǹkan kan. "Mú okùn yẹn wá ká so ó."

Mo mú okùn wá, a so ẹrù náà. Mo tún retí pé kí n sunkún, mi ò sunkún. Mo padà sójú fèrèsé mi kí agogo méjì tó lù.

Ó ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìlemọnà ní gbogbo ọdún tó kù fún un, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀kan péré ló lọ, èmi ni mo sì san owó rẹ̀. Gbogbo ìdílé ń yìn mí fún ìyẹn. Mo dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, mo ṣe ọ̀gá, mo fẹ̀yìn tì. Lónìí, tí mo bá ń gbọ́ bí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ṣe ń bá ara wọn du wa, tí wọ́n ń fi orin kí wa láàárọ̀, tí wọ́n ń bẹ̀ wá pé ká wá sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo máa ń rántí bẹ́ǹṣì kan tó wà níta fún ìgbà díẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń ní òfin ìgbà yẹn ló burú, tó ní ẹnu kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀ fún odindi ìlú. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àǹfààní rẹ̀ náà wà, torí a ń gbé wáyà dé àwọn abúlé tí kò sí èrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò kọ ìwé kankan. Òfin ò jẹ ànàmọ́ nílé ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kọ́ ni pé èèyàn lè fi òótọ́ pa ẹni tó ṣe é lóore, kó má sì mọ nǹkan kan lára, kó sì jẹ́ pé àìmọ̀ ọ́n lára yẹn ni yóò máa bá a gbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlemọnà la ti máa ń gbàdúrà, gbogbo wa lórí ìkúnlẹ̀, títí ẹ̀gbọ́n mi fi dàgbà dàgbà. Kò sí ọdún tí àdúrà rẹ̀ kì í dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Á gbàdúrà fún àwọn ọmọ, á gbàdúrà fún mi, á dárúkọ mi dáadáa, á ní kí Ọlọ́run bá òun bù kún ọwọ́ àbúrò òun. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á ní ẹni tó kọ ìwé tó já ọkọ òun lẹ́nu iṣẹ́, ibi yòówù kó wà, kí ọkàn rẹ̀ má ṣe rí ìsinmi láyé. Gbogbo ilé á ṣe àmín. Èmi náà á ṣe àmín, sókè, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ sí. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kì í dáhùn.